Onílé Àná, Onílé Òní: Bí Àwọn Tó Ti Òkè Òkun Bọ̀ Ṣe Rí Ibùgbé ní Èkó

Ìfáàrà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Òwe yìí ni a fi ń pàrọwà fún ẹni tí ó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀ pé kí ó máa bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo òwe náà dáadáa, a ó rí i pé ó ti gba ohun kan gbọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó gbà pé ilé wà nílẹ̀ tí onílé yóò padà sí. Kí ni kí á wá sọ nípa ẹni tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ tí kò ní ilé tí yóò wọ̀? Ta ni yóò gbà á sílé? Kí ni yóò san? Bí ó bá sì san án tán, ta ni ó lágbára láti sọ fún un lọ́la pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde?

Lóde òní, ẹni tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà padà sí Èkó mọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Yóò wá ẹ̀jẹ́ǹtì. Yóò san owó ilé ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, sílẹ̀. Yóò san owó àgírímẹ́ǹtì fún lọ́yà, yóò sì san kọ́míṣàn fún ẹni tí ó mú un dé ilé náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣà àjèjì tí ó kàn já lu àwọn tòkunbọ̀ ni èyí. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, èyí ni ‘onílé’, gba ìtumọ̀ tuntun ní Èkó, àwọn tí ó ti òkè òkun bọ̀ sì wà lára àwọn tí ó fún un ní ìtumọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tí àlejò wọ̀ sí lọ́dọ̀ ni à ń pè ní onílé àlejò náà. Ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé náà ni à ń pè ní onílé. Ọ̀rọ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Onílé àkọ́kọ́ ń gba obì, onílé kejì ń gba owó, ó sì ń já rìsíìtì. Ìtàn tí a fẹ́ sọ ni ìtàn bí a ṣe rìn láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Ilé Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Ti Dahoro

Oríṣi ènìyàn méjì ni ìtàn yìí dá lé jù lọ. Àwọn kìíní ni Sàró. Àwọn ni ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Àwọn kejì ni Àgùdà, àwọn tí ó ṣe ẹrú ní Bùràsíìlì, pàápàá jù lọ ní Bàhíà, tí wọ́n ra ara wọn padà tàbí tí wọ́n gba òmìnira lọ́nà mìíràn. Àwọn díẹ̀ ti Kúbà bọ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1839, àwọn oníṣòwò kan láàárín àwọn Sàró fi owó ara wọn ra ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà wá sí Àgbádárìgì. Ní ọdún kan náà, àwọn kan kọ ìwé sí gómìnà Sierra Leone pé kí ó jẹ́ kí àwọn padà sí ilẹ̀ àwọn. Ní ti Bàhíà, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà dìtẹ̀ ní ìlú Salvador ní oṣù January 1835. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dé sí Èkó, Àjàṣẹ́, Àgùé àti àwọn èbúté mìíràn ní etí òkun.

Ibo ni wọ́n ń padà sí? Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi sọ́kàn nìyí: ogun tí ó sọ wọ́n di ẹrú náà ni ó sọ ilé wọn di ahoro. Àpẹẹrẹ Àjàyí Crowther yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tí ogun fọ́ Oṣóògùn, ìlú rẹ̀. Ní January 1845, ó padà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn òjíṣẹ́ ìjọ CMS. Kì í ṣe Oṣóògùn ni ó ń lọ, Abẹ́òkúta ni. Ìròyìn sì kàn wọ́n pé Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú Ẹ̀gbá tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò gbà wọ́n, ti jáde láyé. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn àlejò fi ń rántí ìlú náà, èyí tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run parí ní 1845, jẹ́ ilé àwọn tí kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní 1846 ni Crowther tó wọ Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ sì ti fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan bí 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Ìlú tí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ni ó di ‘ilé’ tí ó padà sí.

Ti João Èsan da Rocha náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Bùràsíìlì. Nígbà tí ó padà, Èkó ni ó tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ó sì kọ́ ilé ńlá rẹ̀ sí ní òpópónà Kákáwà ní 1885. Ní ọdún náà, ogun Kírìjì tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 ṣì ń jà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí kì í fẹ́ gba ọ̀nà tí wọ́n ti lè tún mú un lẹ́rú. Nítorí náà, ìlú ẹlòmíràn ni púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ ti ní láti wá ibi tí wọn yóò sùn.

Onílé Tí Ó Ń Gba Obì

Báwo ni àlejò ṣe ń rí ibùgbé nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà? Kò sí pátákó tí a kọ ‘ilé wà fún háyà’ sí lára. Àlejò yóò béèrè ẹni tí ó jẹ́ ará ìlú rẹ̀ tàbí ẹni tí ẹ̀ka èdè wọn jọra. Ẹni náà yóò mú un lọ sọ́dọ̀ baálé, baálé yóò sì mú un mọ baálẹ̀ tàbí ọba. Yóò gbé obì àti ọtí kalẹ̀. Wọn yóò fún un ní yàrá nínú agbo-ilé, tàbí kí wọ́n fi ibi tí yóò kọ́ ilé sí hàn án. Bí ó bá jẹ́ oko ni ó fẹ́ dá, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún nínú ohun tí ó bá kórè, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Kí á má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Àlejò tí ó wọ̀ sí ilé ẹnì kan ti di ọmọlẹ́yìn ẹni náà. Bí ogun bá dé, ẹ̀yìn onílé rẹ̀ ni yóò tò sí. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹnu onílé rẹ̀ ni yóò fi sọ̀rọ̀. Kò lè ta ilẹ̀ tí wọ́n fún un, kò sì lè fi í dógò. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣe ohun tí ó tọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í lé e jáde nítorí pé owó ilé ti wọ́n sí i.

Báyìí náà ni ó rí ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba ní 1853. Lábẹ́ àwọn ọba méjèèjì ni àwọn Sàró rí ibi tẹ̀dó sí ní Olówógbowó, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, tí àwọn Àgùdà sì rí tiwọn ní agbègbè tí a wá ń pè ní Pópó Àgùdà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, Benjamin Campbell, ròyìn ní 1853 pé nǹkan bí 130 ìdílé Àgùdà ni ó ti wà nílùú. Ọba kò fún wọn ní ilẹ̀ nítorí àánú nìkan. Wọ́n mú òwò wá, wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, àwọn Sàró sì tún súnmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ọba padà sórí oyè.

Ohun Tí Ẹnu Fún Ni, Ẹnu Lè Gbà Á

Ìkùnà ètò yìí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ojú rere ni ó gbé e ró. Bí ojú rere bá tán, ilé tán. Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn.

Àkọ́kọ́ ni ti Martin Delany àti Robert Campbell, àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá sí Abẹ́òkúta láti wá ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọn yóò tẹ̀dó sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù December 1859, wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn pé àwọn ènìyàn wọn yóò lè gbé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Inú àwọn kan nínú àwọn òjíṣẹ́ ìjọ àti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kò dùn sí i. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá fi sọ pé àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà fọ́. Èkó ni Robert Campbell padà wá gbé ní 1862, níbi tí ó ti dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní October 1867, rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ Sàró àti onígbàgbọ́ bá wọn sá lọ sí Èkó. Gómìnà Glover pín ilẹ̀ fún wọn ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ó la òpópónà tí ó gún régé síbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé.

Lára àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kàn ni James Churchwill Vaughan, káfíńtà tí wọ́n bí ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855. Ìjàyè ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ogun Ìjàyè (1860–1862) lé e kúrò níbẹ̀. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, Ìfọ́lé tún lé e kúrò. Ní Èkó ni ó ti wá rí ìsinmi, tí ó sì di oníṣòwò pàtàkì. Ẹni tí ó ti pàdánù ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni yóò tún gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìwé Dé

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn tòkunbọ̀ fẹ́ ìwé, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Ní Bùràsíìlì, ìwé òmìnira tí olówó ẹrú fọwọ́ sí ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹrú àti ọmọlúwàbí lójú òfin. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù lè tún padà di ẹrú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fojú yẹpẹrẹ wo ìwé. Àwọn Sàró náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ nílé ìwé, wọ́n mọ bí kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láyé Dòsùnmú ni ìwé ilẹ̀ tí ó ní àmì ọwọ́ ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, wọ́n fi ipá mú ọba fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yìí sọ ilẹ̀ di nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ tí obì gbà kò ṣe é tà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ní ìwé ṣe é tà, ó ṣe é háyà fún ẹlòmíràn, ó sì ṣe é fi dógò. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ó nílò ilé ìtajà létí ọ̀sà ń yá ilé lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé. Àwọn oníṣòwò sì ń fi ìwé ilé wọn gba ọjà àwìn láti òkè òkun.

Ìwé tí ó gbani lè pani. J. P. L. Davies, Sàró ọlọ́rọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó nítòsí Èkó, fi dúkìá rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Manchester ní 1872. Òwò dojú rú, ẹjọ́ dé, gbèsè sì wó o lulẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Kì í ṣe òun nìkan. Baálé kò lè ta ilé ìdílé ní gbàǹjo láyé àtijọ́ nítorí gbèsè ẹnì kan. Ní Èkó tuntun, kóòtù lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyípadà kejì wà nínú ìwé náà. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń kọ sí i, bẹ́ẹ̀ agbo-ilé odindi ni ó ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá kú, ta ni ó ni ín? Ìbéèrè yìí ni ó bí púpọ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí a ń gbọ́ ní Èkó títí di òní.

Ilé Tí Yàrá Kọjú sí Yàrá

Yàtọ̀ sí ìwé, àwọn Àgùdà tún mú irú ilé kan wá. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Mohammed Shitta-Bey tí ó ni mọ́ṣáláṣí náà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone. Ilé da Rocha ní Kákáwà ni a mọ̀ sí Ilé Olómi, nítorí kànga inú rẹ̀ tí ará àdúgbò ti ń ra omi.

Bí wọ́n ṣe to inú ilé wọn ni ó kàn wá jù. Agbo-ilé Yorùbá yí àgbàlá ká: yàrá yípo, ojú gbogbo ènìyàn sì wà ní àárín. Nínú ilé Àgùdà, ọ̀nà tààrà ni ó la àárín ilé kọjá, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ ti ṣàlàyé bí irú ilé yìí ṣe tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ó jẹ́ ìdílé kan ni ó ń gbé inú rẹ̀, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ti ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wọ́n háyà fún àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé orí ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan, tí àwọn ọmọ Èkó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí ‘fésì-mì-à-fésì-yù’.

Ìlú tí ń kún ni ó mú kí èyí rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1866, àwọn ará Èkó lé díẹ̀ ní 25,000. Ní 1931, wọ́n lé ní 126,000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin ní 1896, òwò sì gbòòrò. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin àti àwọn alágbàṣe rọ́ wọ ìlú. Kò sí baálé tí ó lè gba gbogbo wọn sílé nítorí obì. Onílé kejì ti gba ipò onílé kìíní.

Ọmọ Tòkunbọ̀ Gbèjà Onílẹ̀

Ìtàn a máa yí po. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, béèrè owó ìtanràn ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní Èkó sọ pé agbára àbójútó nìkan ni ó ní, kì í ṣe olóhun. Ẹni tí ó bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ dá Olúwa láre: ilẹ̀ ìdílé jẹ́ ti ìdílé pátápátá, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ kíkún.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn baba ńlá tòkunbọ̀ wá ìwé nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu onílẹ̀ kò dá wọn lójú. Ọmọ ọmọ wọn fi ìwé àti òfin kan náà gbèjà ọ̀rọ̀ ẹnu onílẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ìwé kì í ṣe ọ̀tá àṣà. Ohun tí ènìyàn bá fi í ṣe ni ó ṣe pàtàkì.

Ṣùgbọ́n ìwé kò gba gbogbo ènìyàn. Láti 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù Èkó, wọ́n ní àdúgbò náà ti há jù, kò sì mọ́. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé ìjọba ní Sùúrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé àwọn tí ó ti ń gbé ilé ìdílé láìsan owó ti di ayálégbé. Àwọn ìyá oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Ẹni tí kò kúrò ní Èkó rí wá mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí ń wá ibùgbé.

Àwọn ilé àtijọ́ pàápàá kò bọ́. Ilé Ilọ́jọ̀, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855 ní àgbègbè Tinúubú, bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá ní 1933. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ń Bọ̀ Wálé Lónìí

Kí ni ìtàn yìí lè sọ fún ẹni tí ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lónìí? Àkọ́kọ́, ó lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Owó àsansílẹ̀ tí ó ń dẹ́rù bà á jẹ́ ọ̀nà tí onílé tí kò mọ̀ ọ́n fi ń wá ìdánilójú. Láyé obì, ẹni tí ó mú àlejò wá ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Níbi tí kò sí onígbọ̀wọ́, owó ni ó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2011 pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀, nítorí ẹni tí ilé ń wá kì í fẹ́ pe onílé lẹ́jọ́ kí ó tó wọlé.

Èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu nìkan rí Ìfọ́lé. Àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé nìkan rí gbàǹjo. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun sí ìbátan láìgba ìwé kankan ń ṣe bí ẹni pé ayé obì kò tíì kọjá. Ẹni tí ó san owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀jẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí pé ìwé àdéhùn rẹ̀ dára lójú, gbàgbé pé ìwé kò ní ojú tí a lè mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà lẹ́nu olúkúlùkù: Ta ni ó ni ilé yìí gan-an? Àṣẹ ta ni ẹni tí ń gba owó fi ń gbà á? Ta ni àwọn aládùúgbò mọ̀ sí onílé? Ìwé yóò dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́. Ènìyàn ni yóò dáhùn ẹ̀kẹta.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwọn tí ó ti òkè òkun bọ̀ kò kàn bá ìlú Èkó nílẹ̀. Wọ́n bá wọn ṣe é ni. Àìnílé ni ó mú wọn wá ìwé, ìwé ni ó mú ilé di ọjà, ilé tí wọ́n kọ́ sì di àwòṣe ilé ayálégbé. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí á dá lẹ́bi nínú wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, yóò sá.

Síbẹ̀, èdè wa kò tíì gbàgbé onílé kìíní. Títí di òní, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò fún ẹni tí ó gbà wá lálejò àti ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín: kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ pé, nígbà tí ìdílé wa kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ọ̀dọ̀ ta ni a wọ̀ sí, kí ni a sì fún un? Àwọn kan yóò gbọ́ ìtàn obì, àwọn mìíràn yóò gbọ́ ìtàn owó. Nínú ìdáhùn wọn ni ìtàn ìlú wa wà.